Alásè tó sọ ara rẹ̀ di alágbàwí ọkà

Ní ọdún 2017, Pierre Thiam, ọmọ Dakar tó ń dáná ní New York, bọ́ sórí pèpéle TED ní Arusha, lórílẹ̀-èdè Tanzania. Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kọ́ ló gbé débẹ̀. Ọkà wóńwé kan ló ń polówó: fóníò, èyí tí wọ́n ń pè ní acha lágbègbè Jos.

Iṣẹ́ alágbàwí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn alásè olókìkí. Lọ́dún 2005, Jamie Oliver gbéjà ko oúnjẹ ilé-ìwé ní Britain lórí tẹlifíṣọ̀n, títí ìjọba fi ṣèlérí 280 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ti Oliver yá, nítorí ìjọba kan ṣoṣo ló ń bá fà á. Ti Thiam le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo oúnjẹ ló fẹ́ yí padà.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn Faransé ní kí àgbẹ̀ Senegal máa gbin ẹ̀pà tí wọn yóò kó lọ sókè òkun, wọ́n sì ń kó ìrẹsì fífọ́ wá láti Indochina fún ará ìlú. Bí ìrẹsì ṣe di oúnjẹ ọ̀làjú nìyẹn, tí fóníò sì di oúnjẹ ará oko. Ẹni tó bá rántí bí àwọn ará Èkó ṣe ń yínmú sí ìrẹsì ọ̀fadà, kó tó di ààyò lóde ìnáwó, kò nílò àlàyé mìíràn.

Bẹ́ẹ̀, fóníò kì í ṣe ọkà tó yẹ ká pa tì. Orí ilẹ̀ oníyanrìn tó ti ṣá náà ló ti ń ṣe dáadáa, kò sì béèrè ajílẹ̀ púpọ̀. Irú tó yá nínú rẹ̀ ń gbó láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí àká ti gbẹ tí ọkà yòókù kò tíì tó kórè. Lórí iná, kì í pẹ́ jinná. Odidi ìwé ni Thiam kọ lórí sísè rẹ̀ lọ́dún 2019.

Ibi tí wàhálà wà ni èèpo. Hóró rẹ̀ kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iyanrìn. Inú odó ni àwọn obìnrin ti ń gún un. Àwọn mìíràn a po iyanrìn mọ́ ọn kí èèpo lè ṣí, wọn a wá fi omi ṣàn án léraléra. Sanoussi Diakité, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Senegal, ṣe ẹ̀rọ tó ń bó o, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex tọdún 1996 torí rẹ̀. Lójú tèmi, irú iṣẹ́ Diakité ló ń la ọ̀nà tí Thiam ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alásè ni kámẹ́rà ń tẹ̀lé.

Yolélé, ilé iṣẹ́ tí Thiam àti Philip Teverow dá sílẹ̀, ń ra fóníò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Victoria Island náà mọ ọwọ́ ọkùnrin yìí, torí ó ti ṣe ọ̀gá alásè ní Nok, ilé oúnjẹ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kì í pa ẹni tó ń lọ jẹun ní Nok. Bí ọjà New York bá gbé owó fóníò sókè tí ẹ̀rọ ìbó ò sì dé abúlé, ìyá tó gún un ní Kédougou, ní Senegal, lè tà á tán, kó fi owó rẹ̀ ra ìrẹsì òkèèrè fún àwọn ọmọ rẹ̀.