Ẹ́ńjìnnì Tó Nọ́ọ̀kì: Ṣé Kí Wọ́n Tún Un Ṣe ni, àbí Kí Wọ́n Pààrọ̀ Rẹ̀?

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá nọ́ọ̀kì, ọ̀nà méjì ló wà: kí mẹkáníìkì tú u palẹ̀ kó sì tún un tò, tàbí kí wọ́n gbé òmíràn sí i. Ní Nàìjíríà, òmíràn yìí kì í sábà jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ ni, tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n wá ń tà á ní Ladipo ní Mushin tàbí ní Agodi Gate n'Íbàdàn. Iye owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì náà ló yẹ kó ṣáájú, nítorí òun ló ń sọ ibi tí ìbàjẹ́ dé.

Bó bá jẹ́ ooru ni, bóyá omi rádíétọ̀ ló gbẹ tàbí fáànù ni kò yí, orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe á wọ́, top gasket á jó, omi á sì wọnú ọ́ìlì títí yóò fi funfun bí ògì. Nǹkan ìsàlẹ̀ lè má tíì bàjẹ́ rárá. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, á fá orí náà kó tẹ́jú, wọ́n á fi gasket tuntun sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n wíwọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota lè gbà kò ju nǹkan bí 0.05 mm lọ. Mẹkáníìkì tó bá fi ojú lásán wò ó, tó ní ó tẹ́jú, ó kàn ń méfò ni.

Àìtó ọ́ìlì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bearing tó gbé crankshaft dúró á jẹ, irin á máa họ irin, ìró kọ́-kọ́-kọ́ á sì máa wá láti ìsàlẹ̀. Tọ́nà lè fá crankshaft náà, kí wọ́n fi bearing tó nípọn, tí wọ́n ṣe fún fífá 0.25 mm tàbí 0.50 mm, dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Bí àpá rẹ̀ bá jìn ju ìyẹn lọ, ó ti kú nìyẹn. Bí con rod, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ crankshaft, bá sì já, tó lu block, àríyànjiyàn ti tán: kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnnì. Àgbàrá Èkó náà ní tirẹ̀. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá fà á mu, con rod á tẹ̀. Awakọ̀ tó bá sì ń sítáàtì ọkọ̀ léraléra nínú omi ló ń sọ ìṣòro kékeré di ńlá.

Tòkunbọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dára ju èyí tí wọ́n tún ṣe lọ. Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE, onílíta 2.4, ló wà nínú Camry tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy, ó sì wà nínú Muscle tó tẹ̀lé e. Nínú àwọn Muscle ọdún 2007 sí 2009, ríìngì písítìnì kì í nu ọ́ìlì dáadáa, ọ́ìlì á wá máa jó mọ́ epo. Ní 2011, Toyota kọ̀wé sí àwọn ibi ìtúnṣe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi písítìnì àti ríìngì tí wọ́n tún yà sí i. Ẹni tó bá lọ ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ lè ra àrùn kan náà padà sílé. Písítìnì tuntun nínú block tirẹ̀ tó ṣì le ló sàn.

Ohun tí tòkunbọ̀ fi dára ni pé ó yá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ bó ti rìn tó. Kí owó tó jáde, ó yẹ kí wọ́n wọn compression sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Kí wọ́n tún ṣí ìdérí ọ́ìlì wò, bóyá ẹrẹ̀ dúdú ti dì sábẹ́ rẹ̀. Ní ti àtúnṣe, ọwọ́ ẹni tó ń tò ó ló wà, àti bearing àti gasket tí kì í ṣe ayédèrú. Níbi tí mẹkáníìkì kò bá ti ní torque wrench, tí wọ́n fi ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, pípààrọ̀ ló fọkàn balẹ̀ jù.

Èyí ó wù kí wọ́n ṣe, ohun tó pa ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Rádíétọ̀ tó dí yóò tún se èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Bó bá sì jẹ́ pípààrọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà náà wà nínú ìwé ọkọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọlọ́jà, kó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì láti tún ìwé ṣe, kí ọlọ́pàá tó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà.