Bí àgbáálá ayé bá ń fẹ̀, ṣé Ìsánlú ń jìnnà sí Kàbà ni?

Lọ́dún 1929, Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ tó wà lókèèrè ń jìnnà sí wa. Ààyè tó wà láàárín ló ń fẹ̀, bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ń wú.

Ṣé ọ̀nà Ìsánlú sí Kàbà náà ń gùn sí i ni? Rárá o. Níbi tí nǹkan bá ti súnmọ́ra, òòfà ló ń borí. Òun ló so òṣùpá mọ́ ayé. Òun náà ni kò jẹ́ kí NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tó gbéra láti Ṣáínà ní 2011, sá lọ, bó tiẹ̀ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè. Kódà, Andromeda, agbo ìràwọ̀ ńlá tó múlé gbe tiwa, ń bọ̀ wá bá wa ni.

Ibi tó jìn réré ni fífẹ̀ ti ń borí. Ẹ fọkàn balẹ̀, Kàbà ò lọ síbì kankan.