Bí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tó Lé ní 200 Ṣe Ku Méjì Lórí Ìwé Ìdìbò Bẹ̀nẹ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó jáde lọ yan aṣòfin bá àmì ẹgbẹ́ méjì péré lórí ìwé ìdìbò. Igi oṣè ni ti Union Progressiste, ẹṣin ni ti Bloc Républicain. Ẹ̀yìn Ààrẹ Patrice Talon ni ẹgbẹ́ méjèèjì wà. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìjọba kò rí ibi tẹ̀ka sí, ọ̀pọ̀ sì jókòó sílé wọn: nínú 100 olùdìbò, bí 27 ló jáde. Ẹgbẹ́ olóṣè kó àga 47, ẹlẹ́ṣin kó 36, kò sì sí alátakò kan ṣoṣo nínú ilé aṣòfin. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ ogun fi ń yìnbọn fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Kútọnu, nítòsí ilé ààrẹ àná, Boni Yayi. Ẹ̀mí ṣòfò.

Ilẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Áfíríkà ń wò bí àwòkọ́ṣe ní 1990. Mathieu Kérékou ti gbàjọba láti 1972, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, PRPB, ló sì fàyè gbà láti 1975. Nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, tí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò rówó oṣù gbà, ó di dandan fún un láti pe àpérò gbogboogbò sí Kútọnu ní oṣù Kejì. Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, ló ṣe alága. Àpérò náà gba agbára lọ́wọ́ Kérékou, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní 1991, Nicéphore Soglo fìdí Kérékou rẹmi nínú ìbò. Kérékou gbà, ó lọ sílé.

Ìlẹ̀kùn tó ṣí gbayawu yẹn ní wàhálà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún títí wọ́n fi lé ní 200, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ẹnì kan àti àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ. Àjàṣẹ́ ni PRD ti Adrien Houngbédji fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Ìdílé Soglo ló ni Renaissance du Bénin. Ààrẹ tí kò bá ní ẹgbẹ́ ńlá á máa ṣa àwọn kéékèèké jọ, ipò mínísítà ni yóò sì fi dì wọ́n mú. Talon fúnra rẹ̀ wọlé ní 2016 láìní ẹgbẹ́ kankan. Torí náà, ẹni tó ní kí wọ́n tún ètò náà ṣe kò parọ́.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe ló burú. Òfin tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olùdásílẹ̀ 15 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìjọba ìbílẹ̀ sì jẹ́ 77: èèyàn 1,155 nìyẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òfin ìdìbò dé. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 10 nínú 100 ìbò jákèjádò ilẹ̀ náà kò ní gba àga kankan. Owó tí ẹgbẹ́ yóò fi sílẹ̀ kó tó lè du ilé aṣòfin fò sókè dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 249 owó sẹ́fà. Nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún béèrè ìwé-ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ bá òfin mu, kò sì sí ẹgbẹ́ alátakò tí ọ̀nà là fún.

Nàìjíríà náà ti rìn lọ́nà yìí rí. Ní oṣù Kẹwàá 1989, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti gbogbo ẹgbẹ́ 13 tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dá méjì tirẹ̀ sílẹ̀: SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹlẹ́yẹ idì. Ìjọba ló kọ ìwé òfin wọn, òun náà ló kọ́ ilé fún wọn. Síbẹ̀, ará ìlú sọ wọ́n di tara wọn. Nínú ìbò ààrẹ ní June 12, 1993, MKO Abiola ti SDP na Bashir Tofa ti NRC ní Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa gan-an. Olùdìbò lè fi ẹṣin lé idì lọ lọ́jọ́ náà. Ní Bẹ̀nẹ̀ ní 2019, bó tẹ oṣè, bó tẹ ẹṣin, Talon ló tẹ̀ ẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ bí kì í pẹ́ kú: Babangida wọ́gi lé ìbò náà, Ọ̀gágun Sani Abacha tó gbàjọba lẹ́yìn náà sì tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká kí ọdún tó parí.

Nígbà tó di 2019, Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ 91, olùdíje 73 ló sì du ipò ààrẹ, tí àgbàlagbà ń fi ìka wá àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìwé gbọọrọ. Ní oṣù Kejì 2020, INEC, àjọ elétò ìdìbò, fagi lé 74. Ẹ̀yìn ìgbà tí olùdìbò ti kọ̀ wọ́n tán ni wọ́n yọ wọ́n. Bẹ̀nẹ̀ yọ tirẹ̀ kí olùdìbò tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì bí ìbínú tó gbòde.

Ní ti ìdá ìbò tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí kó tó gba àga, Jámánì náà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1949, nítorí pé ẹgbẹ́ kéékèèké tó pọ̀ jù ti dà á láàmú kí Hitler tó dé. Ìdá 5 ni tiwọn. Ẹgbẹ́ Greens tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 rí ìdá 5.6 ní 1983, wọ́n sì wọlé.

Ní oṣù Kìíní 2023, Les Démocrates tó wà lẹ́yìn Boni Yayi ráyè du ìbò ní Bẹ̀nẹ̀. Ó gba ìdá 24, ó sì kó àga 28 nínú 109. Ní oṣù Kẹta 2024, àwọn aṣòfin Talon tún òfin ṣe: ìdá 20 ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo 24, àyàfi ẹgbẹ́ tó bá ti bá òmíràn ṣe àdéhùn ṣáájú ìbò. Bí ẹgbẹ́ kan tó dá dúró bá kó ìdajì ìbò Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tó wá rí ìdá 19 ní ẹkùn kan ṣoṣo lápá àríwá, kò ní gba àga kankan, àwọn tó dìbò fún un ní Kútọnu kò sì ní ní aṣòfin.