Agbára Òwúrọ̀, Àárẹ̀ Ọ̀sán: Ohun tí Olùkọ́ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ nípa Myasthenia Gravis

Ìfáárà
Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Badarawa, ní ìlú Kàdúná. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó kàwé sókè ketekete. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ti imú jáde, bírò sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ Hausa á pè é ní malalaci. Yorùbá á pè é ní ọ̀lẹ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìyípadà yẹn gan-an lè jẹ́ àmì àìsàn, ó sì yẹ kí a kọ́ àwọn olùkọ́ wa láti dá a mọ̀.

Bí àìsàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́
Bí a bá fẹ́ gbé apá, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí iṣan. Èròjà kan tí à ń pè ní acetylcholine ló ń jíṣẹ́ náà fún iṣan. Nínú myasthenia gravis, àwọn èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà ló ṣìnà, tí wọ́n ń dí ibi tí iṣan ti ń gba iṣẹ́, tí wọ́n sì ń bà á jẹ́. Bí a bá ṣe ń lo iṣan tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rẹ̀ ẹ́ tó. Bí a bá sinmi, agbára díẹ̀ a padà. Ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú: aláìsàn a máa rí nǹkan kan ní méjì. Ó lè dé ẹnu, ọ̀fun, apá, ẹsẹ̀ àti èémí. Kì í ràn.

Ohun tó ń mú un yí padà
Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ooru, irú èyí tó máa ń mú ní Kàdúná lóṣù kẹta àti ìkẹrin, ibà, àìsùn àti ìdààmú ọkàn lè dá kún un. Oògùn kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: quinine, chloroquine, ciprofloxacin àti gentamicin wà lára wọn. Nítorí náà, kí aláìsàn má ṣe ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì láìsọ ohun tó ń ṣe é.

Ìtọ́jú
Ìtọ́jú àìsàn yìí ní gbòǹgbò ní Nàìjíríà. Èso olóró kan wà ní agbègbè Calabar, tí àwọn Efik ń pè ní esere, tí wọ́n sì fi ń dájọ́ láyé àtijọ́. Inú rẹ̀ ni a ti rí physostigmine. Ní 1934, Dókítà Mary Walker ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, agbára aláìsàn náà sì padà fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ èso náà o. Ó ń pànìyàn. Pyridostigmine ni wọ́n sábà ń lò lónìí, agbára rẹ̀ a sì máa tó wákàtí 3 sí 4. Àwọn oògùn mìíràn wà tó ń dá ìjà ara náà dúró.

Àbá wa
Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn abirùn, ti ọdún 2018, ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba abirùn mọ́ra. A dábàá pé:
1. kí a fi iṣẹ́ tó le àti ìdánwò sí òwúrọ̀, kí ìsinmi sì wà láàárín;
2. kí a má ṣe dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àkókò oògùn rẹ̀ bá tó;
3. kí olùkọ́ tó ní àìsàn yìí lè jókòó kọ́ni, nítorí ohùn àti apá lè kọ̀ lẹ́nu iṣẹ́;
4. kí ilé-ẹ̀kọ́ gbé ẹni tí èémí ń nira fún, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Àkíyèsí ọjọ́ kan kò tó fi dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́jọ́. Kí olùkọ́ kọ ohun tó rí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì fi han òbí. Àkọsílẹ̀ náà lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò ran dókítà lọ́wọ́.