Fóòmù Àga: Ẹ Gbé E Sórí Òṣùwọ̀n Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá sípàdé déédéé mọ̀ pé àga ilé ìpàdé wa ti di ohun tí èèyàn kì í fẹ́ jókòó lé pẹ́. Ní ìpàdé kan, ìyá wa kan tó ń ta aṣọ dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé pákó lẹ wé aṣọ mọ́ fún wa ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Owó ẹgbẹ́ la fi ra fóòmù inú tìmùtìmù wọ̀nyẹn, àwa ìgbìmọ̀ la sì rà á. Kò ju ọdún kan lọ tó fi rì pẹlẹbẹ.

Ibi tí a ti ṣìnà rèé: nínípọn nìkan la wò. Ẹni tó tà á ní 4 ínṣì ni. A fi téèpù wọ̀n ọ́n, 4 ínṣì ni lóòótọ́. Owó rẹ̀ kéré sí ti ibòmíràn, inú wa dùn, a sanwó. A kò mọ̀ pé fóòmù méjì lè nípọn bákan náà kí ọ̀kan lágbára, kí èkejì sì jẹ́ ìyànjẹ.

Láyé ọjọ́un, òwú igi àràbà ni àwọn ìyá wa ń kì sínú ìrọ̀rí. Fóòmù ní tirẹ̀, kẹ́míkà olómi ni wọ́n ń pò pọ̀ tó fi ń hó, tó ń wú bíi búrẹ́dì, tó sì ń gan. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọgbọ́n kẹ́míkà yìí ní 1937. Ní 1962 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Vitafoam sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Bí wọ́n bá fi kẹ́míkà díẹ̀ wú fóòmù púpọ̀, á fúyẹ́, á pọ́ọ́kú, kò sì ní pẹ́ rì.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n ló ń fọhùn. Àwọn tó ń ṣe fóòmù máa ń ka iye kílò tó wà nínú fóòmù tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga. Èyí tó jẹ́ 16 kílò kò lè gba ìdí àgbàlagbà, bó tilẹ̀ ṣeé lò fún ẹ̀yìn àga. Èyí tó tó 30 kílò ló yẹ ìjókòó. Tìmùtìmù kan tó jẹ́ 18 ínṣì níbùú lóròó, tó nípọn ní 4 ínṣì, yóò wọ̀n tó 340 gíráàmù bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tó 640 gíráàmù bó bá jẹ́ ti èkejì. Ta ni nínú wa tí kò ní òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ gbé e lọ.

Ìwúwo nìkan kọ́ ṣá o. Àwọn mìíràn ń po ẹfun mọ́ kẹ́míkà kó lè wúwo. Ẹ fi ìkúùkù tẹ fóòmù náà, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀: bó bá lọ́ra kó tó dìde, tàbí tó ń rún sí yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre.

Èkejì ni pé rírà wẹ́wẹ́ máa ń wọ́n. Odidi fóòmù bẹ́ẹ̀dì la rà lọ́tẹ̀ yìí, 6 ẹsẹ̀ bàtà lóròó, 4½ níbùú, 4 ínṣì ní nínípọn. Lórí òṣùwọ̀n, ó lé díẹ̀ ní 7½ kílò. Mẹ́rin lóròó, mẹ́ta níbùú, tìmùtìmù 12 jáde láìṣẹ́ kù. Igi àga wa fẹ̀ tó 17½ ínṣì, ṣùgbọ́n 18 la gé e, kí ó lè kún inú aṣọ dáadáa.

Bí a ṣe gé e nìyí. A fi bébà gé àwòṣe, a sì fi bírò fa ìlà yí i ká, lókè àti nísàlẹ̀. A gbé pákó tó gún régé lé etí ìlà, a wá fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gígùn tó mú gé e. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ fóòmù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ń gé e, etí rẹ̀ á wọ́. Ẹ má sì fagbára gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fa ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sísọ́ọ̀sì ò dáa fún fóòmù tó nípọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí nítòsí àtùpà tàbí ààrò. Kíákíá ni fóòmù ń jó, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé tó ń pa èèyàn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú oòrùn láìwé aṣọ. Á pọ́n, á sì máa fọ́. Fóòmù ògbólógbòó, a já a wẹ́wẹ́, a fi kún ìrọ̀rí.

Àwa ìgbìmọ̀ la gé 12 náà fúnra wa, a kò gba kọ́bọ̀. Àṣìṣe wa ni, àwa ló yẹ ká tún un ṣe. Ìyá aláṣọ ti jókòó lé e. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ká padà bi òun lẹ́yìn ọdún kan. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti ilé rẹ̀, kó wọn àga rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí a lè jọ ra odidi ká sì pín in. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.