Ọlọ́dẹ Tó Wà Nínú Nọ́ńbà SIN Yín

Lóṣù kejì ọdún kan, àbúrò kan mú T4 rẹ̀, ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tí wọ́n san fúnni lọ́dún, wá bá mi ní Mississauga níbí. Orúkọ pé, owó pé, àmọ́ 90 tó wà láàárín SIN rẹ̀ ti di 09. Akọ̀wé owó oṣù ló yí i sódì, kọ̀ǹpútà sì gbà á wọlé láìwí nǹkan kan. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ní kọ̀ǹpútà máa ń mọ SIN tí kò dáa?"

Ó máa ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Láti 1964 ni Kánádà ti ń fúnni ní SIN, fígọ̀ mẹ́sàn-án. Ìkẹyìn nínú wọn, ọlọ́dẹ ni: òun ló ń ṣọ́ mẹ́jọ tó kù. Hans Peter Luhn, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní IBM l'Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní 1954, òun náà ló sì wà lára káàdì kírẹ́díìtì wa.

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ 046 454 286 (àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ má bẹ̀rù). Láti ọwọ́ òsì, ẹ sọ fígọ̀ kejì, kẹrin, kẹfà àti kẹjọ di ìlọ́po méjì. Èyí tó bá ju 9 lọ, ẹ ro fígọ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀: 8 á di 16, 1 àti 6 á di 7. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 0+8+6+8+5+8+2+7+6 = 50. Bó bá ṣe é pín sí 10 láìṣẹ́kù, ó kọjá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí 42 tó wà láàárín di 24, àròpọ̀ á di 48. Ọlọ́dẹ á dá a padà.

Bí fígọ̀ kan ṣoṣo bá yàtọ̀, kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí fígọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá gba ipò ara wọn, ó ń mú ìyẹn náà, àfi 9 àti 0. Ìlọ́po méjì 9 ni 18, 1 àti 8 sì tún di 9. Ìlọ́po méjì 0, 0 náà ni. Ibi yòówù kí wọ́n wà, àròpọ̀ ò yí padà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe T4 yẹn gbà kọjá.

Àwa oníṣirò owó ní ọgbọ́n àtijọ́ tiwa. Bí fígọ̀ méjì bá yí sódì nínú ìwé, ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì á ṣe é pín sí 9 ní gbogbo ìgbà: 42 dín 24 jẹ́ 18, 90 dín 09 jẹ́ 81. Tí ìwé mi ò bá bára mu, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nìyẹn, kí n tó lọ po tíì. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì tó máa fi wéra. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà rí.

Nínú gbogbo nọ́ńbà mẹ́wàá tí fígọ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ wọn bá jọra, ọ̀kan ń kọjá. Pé ó kọjá ò sọ pé tìrẹ ni. Owó ìfẹ̀yìntì CPP tí wọ́n ń yọ lówó oṣù, nọ́ńbà yìí ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ gbé T4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé SIN yín, kẹ́ ẹ fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti 2014 ni wọn ò ti ṣe káàdì SIN mọ́, ìwé ni wọ́n ń fúnni. Ẹ̀yin tí SIN yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé ìgbé-ayé, nọ́ńbà mìíràn lẹ ó gbà. Ẹ tètè fún ibi iṣẹ́ yín.

Àbúrò pe akọ̀wé náà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún T4 rẹ̀ ṣe.