Pẹ́dà Wo Ni Kí N Rà Sí Kẹ̀kẹ́ Mi Tuntun? Ẹ Bi Orúnkún Yín Kí Ẹ Tó Bi Ọ̀rẹ́

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Dókítà gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ra kẹ̀kẹ́ eré ìje tuntun, irú èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ká bí ìwo àgbò. Nígbà tí wọ́n tú u nínú páálí, wọn kò bá pẹ́dà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ Sátidé ní pẹ́dà tí ń di bàtà mú ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì ra èyí tí ó di ẹsẹ̀ mú jù lọ. Bàbá wá ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà, nítorí pé orúnkún òsì àwọn a máa ro àwọn bí àwọn bá ń gun àtẹ̀gùn.

Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tí owó rẹ̀ wọ́n, láìsí pẹ́dà ni wọ́n sábà máa ń tà á, kí oníkálùkù lè lọ ra èyí tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Èmi náà a máa gun kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ pẹ́dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé fún ẹni tí kò tíì rí irú pẹ́dà yìí rí. Ohun kékeré kan wà tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Kílíìtì ni à ń pè é. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, sípíríǹgì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò gbá kílíìtì mú, ẹ ó sì gbọ́ tí yóò dún kó. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀, ẹ ó yí gìgísẹ̀ sí ìta, yóò sì tú sílẹ̀. Láyé àtijọ́, kílíìpù irin àti okùn awọ ni àwọn eléré ìje fi ń so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà. Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ LOOK ní ilẹ̀ Faransé, tí ń ṣe ohun tí ń di bàtà àwọn tí ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín mú, gbé tirẹ̀ jáde. Ní ọdún 1985, Bernard Hinault fi í gba ipò kìíní nínú eré ìje Tour de France.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Ọkùnrin kan náà yìí ni ó wà níwájú gbogbo ènìyàn nínú eré ìje náà ní ọdún 1980, tí orúnkún dídùn sì lé e kúrò lójú ọ̀nà. Orúnkún kò mọ ọ̀gá. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń yí pẹ́dà ní ìgbà 80 láàrin ìṣẹ́jú kan, orúnkún kọ̀ọ̀kan yóò ká, yóò sì nà, ní ìgbà 4,800 láàrin wákàtí kan. Bí a bá de ẹsẹ̀ mọ́ ibi tí kò bá a lára mu, ìgbà 4,800 ni a ó fi ìyà jẹ orúnkún náà láàrin wákàtí kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Èkíní, báwo ni ẹsẹ̀ yóò ṣe tètè jáde? Ẹ mọ bí títì wa ti rí. Dánfó a máa dúró lójijì, ọ̀kadà a máa yọ láti ẹ̀gbẹ́, kòtò kì í sì í kéde ara rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tètè jáde, ẹ̀gbẹ́ ni yóò ṣubú sí, egungun ọwọ́ tàbí ti ìbàdí sì lè dá. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń lo kílíìtì onínọ́ọ̀tì mẹ́ta: ike ńlá ni, ó fẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó dára fún ìrìn jíjìn, ṣùgbọ́n ó yọ jáde lábẹ́ bàtà, ó sì ń yọ̀ bí ẹ bá fi rìn lórí táìsì. Èkejì ń lo kílíìtì onínọ́ọ̀tì méjì: irin kékeré ni, ó máa ń wọnú àtẹ́lẹ̀ bàtà, ẹ lè fi rìn wọ ṣọ́ọ̀bù láìṣe wàhálà. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tirẹ̀ ni a lè ti ojú méjèèjì wọ̀, a sì lè dẹ sípíríǹgì wọn. Bàbá, onínọ́ọ̀tì méjì yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ti Shimano, ẹ béèrè kílíìtì SH56, tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ jáde ní ìhà púpọ̀, dípò SH51 tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ ti ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ dẹ sípíríǹgì rẹ̀ dé ibi tí ó dẹ̀ jù.

Èkejì, ǹjẹ́ àyè wà fún gìgísẹ̀ láti yí díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún? Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ kò dọ́gba. Bí ẹ bá tilẹ̀ wá fẹ́ ra onínọ́ọ̀tì mẹ́ta lọ́jọ́ iwájú, ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ kílíìtì. Ní ti SPD-SL ti Shimano, pupa kò fún ẹsẹ̀ láyè rárá, búlúù fún un ní dígírì 2, yẹ́lò sì fún un ní dígírì 6. Ní ti Keo ti LOOK, dúdú ni kò fún un láyè, eléérú fún un ní 4.5, pupa sì fún un ní 9. Ẹ rí i báyìí pé pupa ẹni kan ni ó le jù, pupa ẹnì kejì ni ó dẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ sáà ra pupa, ẹ bi í pé pupa ti ta ni.

Ẹ̀kẹta, ibo ni a de kílíìtì mọ́? Ẹ jókòó sórí tábìlì gíga, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ọmọ ìka dojú kọ. Bí ó ti rí yẹn ni kí kílíìtì jẹ́ kí ó wà. Kí ibi tí ó yọ kókó ní ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wà lókè ọ̀pá pẹ́dà gan-an, tàbí kí ó ṣíwájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo gíga ìjókòó pẹ̀lú: bí ẹ bá fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ yẹ kí ó nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá sì ń de pẹ́dà fúnra yín, ẹ rántí pé ti òsì kò rí bí ti ọ̀tún; ní ìhà méjèèjì, orí sípánà ni kí ẹ máa yí sí iwájú kẹ̀kẹ́ kí ó tó le.

Kí ẹ tó jáde sí títì, ẹ fi ọwọ́ ti ògiri, kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ pẹ́dà, kí ẹ sì yọ ọ́, ní ogún ìgbà fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí pápá. Ẹ máa yọ ẹsẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dúró. Bí orúnkún bá wú, tí ó bá há, tàbí tí ó ń ro yín lóru, pẹ́dà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má sì torí kẹ̀kẹ́ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá sì dà bí ẹrù lójú yín, kò sí òfin tí ó ní kí ẹ má lo pẹ́dà pẹrẹsẹ àti bàtà kánfáàsì. Ọkàn yín yóò rí eré ìdárayá rẹ̀ gbà bákan náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ máa yára lọ ní Sátidé. Ẹ̀yin ẹ fi orúnkún tí kò ro yín tẹ̀ lé wọn. Ó dìgbà kan ná.